Ilẹ̀ Yìí Ń Sinmi

Ìjọba tó ní òun fẹ́ kí oúnjẹ pọ̀ yanturu ni ò jẹ́ kí wọ́n jẹun nílé Onísùúrù láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ẹ̀wà àná ti gbóná lórí iná, àwọn ọmọ ti mú abọ́ dání, wọ́n ń wojú ìyá wọn, ṣùgbọ́n ìyá wọn ò ráyè bu ẹ̀wà. Òun àti bàbá wọn ti ń tahùn síra wọn láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́.

"Bàbá àwọn ọmọ, òní ni wọ́n ń bọ̀ o. Kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe ọ̀túnla. Rédíò sọ ọ́, ẹ gbọ́ ọ, èmi náà gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ wá fọwọ́ lẹ́rán."

"Ṣé kí n máa sáré yí ilé ká ni?"

Ọwọ́yá ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó yìí, torí ọwọ́ ẹ̀ á ti ṣe nǹkan tán kí ẹnu ẹ̀ tó sọ pé òun fẹ́ ṣe é. Ọkọ ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Onísùúrù. Tí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ wẹ̀, ó máa kọ́kọ́ jókòó ti omi náà ná.

Ohun tí wọ́n ń jà sí ò ju oko ẹ̀yìnkùlé lọ. Oko méjì ni wọ́n ní. Èyí tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ti ṣá, àgbàdo tó hù níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá ò ga ju orúnkún lọ, ọmọ tó sì yọ, ewúrẹ́ gan-an gbóòórùn ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbójú lé. Onísùúrù ti fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kó lè sinmi, kí koríko hù lórí ẹ̀, kó jẹrà síbẹ̀, kí ilẹ̀ náà lè sanra padà. Ọdún yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n gbin nǹkan sí i, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Tí wọ́n bá gba ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ wọn, ó parí nìyẹn, oko olóko ni wọ́n á máa lọ ro jẹun.

Ìjọba ò sì fi bò rárá pé òun fẹ́ gbà á. Ètò Oúnjẹ Yanturu ni wọ́n pè é. Ẹ bá wa kí wọn kú iṣẹ́! Ajílẹ̀ wà nínú ètò yìí, katakata wà níbẹ̀, irúgbìn tuntun wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọgọ́rùn-ún éékà sókè nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ẹni tí oko ẹ̀ ò bá tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní á kàn fi nǹkan ìjọba ṣòfò ni. Wọ́n tún wá fi òfin kan lé e, pé ilẹ̀ tí wọn ò bá dá oko sí, àwọn á gbà á lọ́wọ́ ọ̀lẹ, àwọn á gbé e fún ẹni tó lágbára. Bí rédíò ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu ẹni tó ń kà á.

Ẹni tó lágbára ládùúgbò yẹn ò ju ẹyọ kan lọ. Ìgboro ló ń gbé. Gbogbo-Tèmi ni wọ́n ń pè é tí kò bá sí nítòsí, tó bá wà nítòsí wọ́n á ní Ọ̀gá. Oko ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ààlà ẹ̀yìnkùlé Onísùúrù, ojú ò sì tó ibi tó parí sí. Ṣé ó wá ń ro apá tó bá wọn pààlà yẹn ni? Koríko tó wà níbẹ̀ ga ju èèyàn lọ! Àmọ́ pátákó aláwọ̀ ewé kan wà láàárín koríko ọ̀hún, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: ILẸ̀ YÌÍ Ń SINMI. Ẹ MÁ RO Ó. Oúnjẹ Yanturu náà ló bí ìyẹn. Olóko ńlá tó bá jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀ sinmi, ìjọba á máa sanwó fún un, wọ́n ní ó ń tọ́jú ilẹ̀. Koríko kan náà ni o, afẹ́fẹ́ kan náà ló sì ń fẹ́ ẹ. Èyí tó wà lọ́hùn-ún ààlà ń gbowó oṣù, èyí tó wà níhìn-ín, wọ́n ní ọ̀lẹ ló ni ín.

"Ẹ jẹ́ ká gbin àgbàdo sí i lónìí," Ọwọ́yá ní. "Kí wọ́n tó dé."

Onísùúrù gbójú sókè wo orí iná. Ibẹ̀ ni àgbàdo irúgbìn wọn so rọ̀ sí, wọ́n fi èèpo ẹ̀ so ó pọ̀, èéfín ti sọ ọ́ dúdú kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ebi ti pa àwọn ọmọ lábẹ́ àgbàdo yẹn rí, kò sẹ́ni tó nawọ́ sí i.

"Òjò kan ṣoṣo ló tíì rọ̀, oòrùn sì ti lá a tán," ó ní. "Tó o bá gbìn ín lónìí, á kàn yan nínú ilẹ̀ ni. Òun nìkan la sì ní."

"Ká kọ ebè nígbà yẹn. Ebè lásán, ká má fi nǹkan kan sínú ẹ̀. Ta ló máa tú u wò?"

"Ebè lásán?" Ọkùnrin náà wò ó bíi pé ó ní kí àwọn se òkúta fún àlejò. "Ta lo fẹ́ tàn jẹ?"

"Ìjọba ni!"

Màmá, ìyá Onísùúrù, jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ ṣì gbọ́ gbogbo nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ kó tàn wọ́n díẹ̀," ó ní. "Tiwọn ti pọ̀ lára wa."

Onísùúrù ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn fìlà ẹ̀, ó ní òun ń lọ dúró de òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní oríta, òun á fi ohùn tútù ṣàlàyé fún un pé ilẹ̀ òun ò di àpatì, pé ó ń sinmi ni, bíi ti Gbogbo-Tèmi. Ó ní ọmọ èèyàn ṣáà ni òṣìṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ á yé e.

"Ẹ máa lọ ṣàlàyé," Ọwọ́yá ní, ó pòṣé. Ó ní kí Màmá bá òun bu ẹ̀wà fún àwọn ọmọ. Kí fìlà ọkọ ẹ̀ tó wọ kọ̀rọ̀ tán, ó ti gbé ọkọ́ àti àdá.

Oníbúrẹ́dì tó ń tajà lódìkejì ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí i. "Ọwọ́yá! Kí lò ń ṣe nínú igbó yẹn? Ṣé kò sí o?"

"Ebè ni mo fẹ́ kọ. Wá bá mi kọ ọ́, yé bi mí ní ìbéèrè."

Oníbúrẹ́dì gbé igbá ẹ̀ sílẹ̀, ó ká aṣọ sókè, ó bọ́ sínú koríko. Àwọn obìnrin méjì tó ń lọ pọnmi gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n gbé garawa kalẹ̀, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ bá wọn tan ìjọba. Wọn ò lè ṣán gbogbo ẹ̀, apá tó kọjú sọ́nà ni wọ́n dojú kọ. Koríko ń ṣubú, ebè ń ga, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dúdú, ó rọ̀, inú Ọwọ́yá dùn bó ṣe ń fọwọ́ kàn án. Àṣé Onísùúrù mọ nǹkan tó ń ṣe! Ó kàn jẹ́ pé kò ní jẹ́wọ́ ẹ̀ fún un lójú ẹ̀.

Ẹnu Oníbúrẹ́dì ò sì dákẹ́. Òun àti ọkọ ẹ̀ náà ní oko rí, òfin yìí kan náà ló gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún tó kọjá.

"Ṣé o mọ ibi tí ọkọ mi wà báyìí?" ó ní. "Oko bàbá ẹ̀ tó ti di ti Gbogbo-Tèmi ló wà, ó ń ro ó. Àmọ́ tó bá débẹ̀ láàárọ̀, ẹnu géètì ló máa dúró sí, kí ọmọ kan tí ò tó àbígbẹ̀yìn wa bi í pé ta ló ń wá."

"Kí ló máa ń sọ?"

"Á ní òun wá síṣẹ́ ni. Kí ló tún fẹ́ sọ?" Ó fa koríko kan tu, ó jù ú nù. "Èmi náà rèé, ọmọ àgbẹ̀, ìyàwó àgbẹ̀, búrẹ́dì ni mò ń tà. Oúnjẹ yanturu! Ṣíọ̀!"

Gbogbo wọn yínmú, wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Nǹkan kan wá sọ sí Ọwọ́yá lọ́kàn. Tí òṣìṣẹ́ yẹn bá lóun fẹ́ tú ebè wò ńkọ́? Ó sáré wọlé, ó já àgbàdo irúgbìn sílẹ̀ lórí iná, ó yín ọmọ ẹ̀ kúrò lára kùùkù sínú abọ́. Ebè kìn-ín-ní tó wà lójú ọ̀nà nìkan ló ní òun á fi díẹ̀ sí, kó ṣáà lè rí nǹkan kan tó bá tú u. Ó fi sí i. Ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọ̀tún ń gbẹ́ ihò, ọwọ́ òsì ń ju àgbàdo sí i, ẹsẹ̀ ń bò ó. Láti kékeré ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò sì tíì bo ihò òfìfo rí láyé ẹ̀. Oníbúrẹ́dì ń sọ̀rọ̀, òun ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ń bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà tó máa fi wo inú abọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

"Ṣebí ebè kìn-ín-ní nìkan lo sọ?" Oníbúrẹ́dì bi í.

"Mo gbé!" Ọwọ́yá di orí mú. "Mo ti gbin gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Wú u! Wú u jáde kíákíá!"

Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó gbọ́ ìró katakata lójú ọ̀nà. Ó nà dúró, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. "Ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o," ó ní, Oníbúrẹ́dì sì fi ìka kan ètè.

Katakata Gbogbo-Tèmi ni. Àbúrò Onísùúrù, ọmọ ìyá ẹ̀ kan náà, ló ń wà á. Oníkatakata ni wọ́n ń pè é. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tí ọ̀gá ẹ̀ fi ń dá àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ mọ̀. Nǹkan kan wà lẹ́yìn katakata tí wọ́n fi ọ̀rá dúdú bò. Ta ló wá jókòó ti awakọ̀? Òṣìṣẹ́ ìjọba! Wọ́n ní mọ́tò ìjọba bàjẹ́, ni olóko ńlá bá ṣàánú ìjọba, ó gbé wọn. Onísùúrù ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn wọn nínú eruku, ó mú fìlà lọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀, bàtà ẹ̀ ń dán, kò wọnú oko. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá. Ẹ wo oko wa. A ti kọ ebè, a ti gbin àgbàdo."

Onísùúrù ṣẹ́jú wò ó. Ó rò pé irọ́ ni.

Òṣìṣẹ́ náà yọ fóònù, ó gbé e sókè, ó ń fi ìka fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Mi ò rí ebè kankan níbí."

"Ẹ gbójú kúrò lára fóònù, kẹ́ ẹ wolẹ̀!"

Ó wolẹ̀. Ó jọ pé àánú ṣe é díẹ̀. "Mo rí i, ìyá. Àmọ́ àwòrán tí wọ́n yà látòkè lóṣù tó kọjá la fi ń ṣiṣẹ́. Koríko ló wà nínú àwòrán."

"Kí lẹ wá wá ṣe níbí?"

"Mo wá sọ fún yín ni."

Onísùúrù bọ́ síwájú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, bí mo ṣe ń sọ ọ́ bọ̀ láti oríta. Ilẹ̀ yìí ò di àpatì, mo fi í sílẹ̀ kó sinmi ni. Ẹ wo ọ̀hún, koríko kan náà ni."

"Ti ọ̀hún wà nínú ètò, bàbá."

"Báwo lèèyàn ṣe ń wọnú ètò?"

"Ọgọ́rùn-ún éékà."

Onísùúrù gbọn eruku kúrò lára fìlà ẹ̀. Gbogbo sùúrù tó ní láyé ló ti kó kalẹ̀ fún ọmọkùnrin yìí láti oríta, ìyẹn sì ti dá a lóhùn tán. Ó dé fìlà ẹ̀ padà sórí.

"Ta lẹ fẹ́ gbé e fún?" Ọwọ́yá bi í. Ó mọ̀, ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ni.

"Ẹni tó bá yín pààlà, tó sì lágbára."

Ọ̀rọ̀ parí. Òṣìṣẹ́ náà ra búrẹ́dì lọ́wọ́ Oníbúrẹ́dì, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó rọ̀ dáadáa, ó sì gun alùpùpù kan tó wá gbé e. Ẹnì kan ṣáà ti rí nǹkan jẹ nínú Oúnjẹ Yanturu lọ́jọ́ yẹn.

Oníkatakata ò wojú ẹnikẹ́ni. Ó ṣí ọ̀rá dúdú yẹn, ó gbé pátákó kan sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e wọ àárín ebè tuntun, ó ń gbẹ́ ihò. Ọwọ́yá tẹ̀ lé e, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára: ILẸ̀ YÌÍ Ń SINMI. Ẹ MÁ RO Ó.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ ẹ̀ torí pé ó ń sinmi, wọ́n gbé e fún Gbogbo-Tèmi kó lè máa sinmi! Ó fọwọ́ kan lẹ́tà ara pátákó náà, ó wo ìka ẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ọ̀dà yìí ti gbẹ, ọkọ mi kékeré," ó ní. Bó ṣe máa ń pe àbúrò ọkọ ẹ̀ nìyẹn. "Ìgbà wo ni wọ́n ti kùn ún?"

Oníkatakata ń gbẹ́ ihò.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó wa."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jẹ ẹ̀wà nílé wa lánàá. Ẹ tún ní kí n bù kún un."

Ọkùnrin náà dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó fẹ́ sọ pé òun náà lọ́mọ, pé iṣẹ́ lòun ń ṣe, àmọ́ Màmá ti ké láti ẹnu ọ̀nà pé ohùn ọmọ òun lòun ń gbọ́ yẹn, ṣé kò ní wá kí òun ni? Ó ri pátákó mọ́lẹ̀, ó ki yẹ̀pẹ̀ sí i nídìí, ó gun katakata, ó lọ.

Ìgbà tí oòrùn ń rọ̀, Onísùúrù jókòó ti iná. Ẹ̀wà wà níwájú ẹ̀, ó ti dì. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Kò burú. Àgbàdo irúgbìn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Bá a bá lọ bẹ bàbá kan tó ní oko nísàlẹ̀ odò, ó lè yá wa nílẹ̀ díẹ̀. Tí irúgbìn bá ti wà, a ò tíì di alágbàṣe." Ó gbójú sókè bó ṣe ń sọ ọ́. Okùn nìkan ló so rọ̀ lórí iná.

Ọwọ́yá ò lè wò ó lójú.

"Mo ti gbìn ín," ó ní.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ebè kìn-ín-ní nìkan ni mo fẹ́ fi sí. Mi ò mọ̀gbà tí... ọwọ́ mi ni, bàbá àwọn ọmọ. Ọwọ́ mi ni o!" Ẹkún gbà á.

Ká ní ọkọ ẹ̀ pariwo ni, ì bá sàn fún un. Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó wo tiẹ̀. Ó dìde, ó gbé abọ́ tí ìyàwó ẹ̀ fi kó irúgbìn láàárọ̀, ó jáde sẹ́yìnkùlé. Ọwọ́yá nu ojú, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n lóṣòó sídìí ebè, òun níhìn-ín, ọkọ ẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi ìka wú àgbàdo tí wọ́n gbìn, wọ́n ń fẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ẹ̀, wọ́n ń jù ú sínú abọ́. Wọn ò tíì dé ìdajì nígbà tí Oníkatakata yọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Gbogbo-Tèmi ti tẹ̀ ẹ́ láago láti ìgboro pé kó lọ máa ṣọ́ ilẹ̀ tuntun òun.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní. "Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbí mọ́."

Onísùúrù ò dúró. "Ṣé o fẹ́ mú mi ni, àbúrò?"

Oníkatakata wo ọ̀nà. Ó wo pátákó. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé yẹn lọ́rùn, ó fi í kọ́ orí pátákó, ó lóṣòó ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ebè. Ọwọ́yá ti abọ́ síwájú díẹ̀ kí ọwọ́ ẹ̀ lè tó o.

"Ta ni mò ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn?" Màmá ké láti ẹnu ọ̀nà. "Kí lẹ ń ṣe?"

"À ń jí àgbàdo ni, Màmá," Ọwọ́yá ní.

"Ẹ̀yin ọmọ mi? Ẹ ń jí àgbàdo? Àgbàdo ta?"

"Tiwa ni, Màmá."